Ta Ló Gbé Ctrl-H Mì?

Àbúrò kan wà níbi iṣẹ́ wa tí kì í fi Vim ṣeré. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Láàárọ̀, tí mo bá tẹ Ctrl-H, fèrèsé òsì ló ń gbé mi lọ. Ní báyìí, ibi tí mi ò rán an ló ń lọ. Ctrl-L náà ò gbọ́ràn mọ́, ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà míì sì wà tí mo tẹ Backspace lásán, tí mo bá ara mi nínú fèrèsé míì."

Mo bi í pé kí ló ti ṣe sí i. Ó ní òun kọ àṣẹ tuntun sínú fáìlì tí Vim ń kà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Nígbà tíyẹn ò ran nǹkan kan, òun tún kọ òmíràn lé e. Mo ní kó ṣí fáìlì náà ká jọ wò ó. Ctrl-H nìkan ní ìlà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó pè ní àìsàn kan, a wá rí i pé mẹ́rin ni, ọ̀kan nínú wọn kì í tilẹ̀ ṣe àìsàn rárá. Ìlà tuntun tó ń kọ kò lè wo èyíkéyìí sàn, torí kò tíì mọ ibi tí àṣẹ rẹ̀ ti ń sọnù. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì orí kọ̀ǹpútà dà bí ọ̀rọ̀ ẹrù tí a fi mọ́tò ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sí Èkó. Tí kò bá dé, èèyàn ò ní máa di ẹrù míì. Á bi awakọ̀, á bi àwọn ará gáréèjì, á bi ẹni tó yẹ kó gbà á.

Ẹni tí kò bá lo Vim rí, kó má sá lọ. Ètò tí àwọn tó ń kọ prógíráàmù fi ń kọ̀wé sórí kọ̀ǹpútà ni. Bram Moolenaar, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló gbé e jáde ní 1991, lórí kọ̀ǹpútà Amiga, òun ló sì bójú tó o títí tó fi kú ní 2023. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí Moolenaar ní kí ẹni tó bá gbádùn rẹ̀ ṣe ni pé kó fi nǹkan ran àwọn ọmọ aláìní ní Uganda lọ́wọ́, ẹ̀bẹ̀ yẹn sì wà lójú ewé tí Vim fi ń kíni káàbọ̀. Láti ìgbà tí Vim 3.0 ti jáde ní 1994 ni èèyàn ti lè pín ojú kọ̀ǹpútà sí ọ̀nà púpọ̀. Lónìí, fáìlì kan lè wà lápá òsì, kí òmíràn wà lápá ọ̀tún, kí ẹ̀kẹta wà nísàlẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìpín yìí ni à ń pè ní fèrèsé. Láti bọ́ láti ọ̀kan sí òmíràn, wàá tẹ Ctrl-W, wàá wá tẹ h fún òsì, j fún ìsàlẹ̀, k fún òkè, tàbí l fún ọ̀tún.

Kí ló dé tó fi jẹ́ h, j, k, l? Bill Joy ló kọ vi, bàbá Vim, ní yunifásítì tó wà ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1976. Tẹ́mínà, ìyẹn ẹ̀rọ tó fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ADM-3A lorúkọ tirẹ̀, kò ní bọ́tìnnì ọlọ́fà lọ́tọ̀. Orí h, j, k àti l gan-an ni wọ́n ya ọfà sí. Ẹ rántí ADM-3A yìí, a ó pa dà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Títẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì lójoojúmọ́ máa ń sú èèyàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń kọ irú ìlà yìí sínú fáìlì wọn:

nnoremap <C-h> <C-w>h

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Vim, tí o bá rí Ctrl-H, Ctrl-W h ni kí o kà á sí." Àwọn tó wà nínú iṣẹ́ yìí ń pè é ní mapping. Èmi á máa pè é ní àdàpè, torí orúkọ kan là ń pè tí a fẹ́ kí òmíràn jẹ́ ẹ. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé àdàpè olè ní ń jẹ́ ọmọ ń fẹ́wọ́. Àdàpè dára, ṣùgbọ́n ó máa ń bo ojú ọ̀rọ̀.

Kí ìka tó tẹ bọ́tìnnì tó di fèrèsé tó yí, ọ̀rọ̀ náà gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Kíbọ́ọ̀dù gbé e fún tẹ́mínà, tó ti di ojú dúdú tí à ń kọ àṣẹ sí lónìí. Tẹ́mínà sọ ọ́ di òǹkà. Tí ètò mìíràn bá wà láàárín, bíi tmux, òun ló kọ́kọ́ gba òǹkà náà, ó sì lè jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ló dé ọ̀dọ̀ Vim. Vim á wo irú ipò tó wà, bóyá ipò àṣẹ ni, níbi tí bọ́tìnnì ti ń jẹ́ àṣẹ, tàbí ipò ìkọ̀wé, níbi tó ti ń jẹ́ lẹ́tà. Á wo àdàpè tó jẹ́ ti fáìlì iwájú rẹ̀ nìkan, kó tó wo àdàpè tó jẹ́ ti gbogbo ilé. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ló tó wá wo bí a ṣe to fèrèsé. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn wọ̀nyí lè gbé Ctrl-H mì, kí ojú kọ̀ǹpútà má sì sọ nǹkan kan fún ọ.

Ibi tó dùn jù fún mi nínú ìrìn yìí ni ibi tí bọ́tìnnì ti ń di òǹkà, torí àrokò gan-an ni. Láyé àtijọ́, ọ̀dọ́kùnrin tó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọge, ohun tó ń sọ ni pé ọkàn òun ń fà sí i. Tí ọmọge bá dá mẹ́jọ pa dà, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn jọ ara wọn. Ẹni tó gba àrokò kò rí ẹnu ẹni tó rán an. Iye ẹyọ owó ló rí. Bákan náà ni Vim inú tẹ́mínà kò rí ìka rẹ, kò sì mọ bọ́tìnnì tí o tẹ̀. Òǹkà ló ń gbà, òun ló sì ń túmọ̀.

Inú tábìlì ASCII, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1963, ni òǹkà wọ̀nyí ti wá. Àyè 128 ló wà nínú rẹ̀, láti 0 dé 127. H ńlá jẹ́ 72. Nígbà tí o bá di Ctrl mú, tẹ́mínà á yọ 64 kúrò nínú òǹkà lẹ́tà náà. Yọ 64 kúrò nínú 72, ó ku 8. Ohun tí Ctrl-H ń fi ránṣẹ́ nìyẹn: 8. L jẹ́ 76, Ctrl-L á sì di 12. I jẹ́ 73, Ctrl-I á di 9, òǹkà Tab sì ni 9. M jẹ́ 77, Ctrl-M á di 13, òǹkà Enter sì nìyẹn. Ìdí rèé tí ẹni tó bá fi àdàpè yí Ctrl-I pa dà fi máa ń rí i pé Tab òun náà ti bàjẹ́. Àwọn tẹ́mínà tuntun kan wà tí wọ́n ti ní ọ̀nà mìíràn láti fi ìyàtọ̀ hàn, ṣùgbọ́n ètò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè náà kó tó ṣiṣẹ́.

Kí wá ni 8 nínú tábìlì ọ̀hún? Backspace ni: pa dà sẹ́yìn ní ìwọ̀n lẹ́tà kan. Lórí ADM-3A, tí o bá tẹ Ctrl-H, kọ́sọ̀, ìyẹn àmì tó ń ṣẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà, á sún sí òsì. Ìdí tí wọ́n fi ya ọfà òsì sórí H nìyẹn, ìdí tí h fi jẹ́ òsì nínú vi nìyẹn, ìdí tí ìwọ náà fi fẹ́ kí Ctrl-H gbé ọ lọ sí fèrèsé òsì lónìí sì nìyẹn. Ctrl-H àti Backspace tó ń bá a jà, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ogún ni wọ́n ń pín.

Òǹkà kejì tún wà tí bọ́tìnnì Backspace lè fi ránṣẹ́, 127 ni, Delete ni wọ́n ń pè é nínú tábìlì. Ìtàn rẹ̀ wù mí láti sọ. Láyé ìgbà tí wọ́n ń lu ihò sára pépà gígùn láti fi kọ ọ̀rọ̀ pa mọ́, ihò méje ni àyè rẹ̀ wà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣì í lù kò lè dí ihò tó ti lù. Ohun tó lè ṣe ni kó lu méjèèje pátá, kí ẹ̀rọ tó ń kà á mọ̀ pé kó fo ibẹ̀. Ihò méje tó ṣí sílẹ̀ tán ni 127. Àwọn kan wá sọ pé bọ́tìnnì tó ń pa lẹ́tà rẹ́ gbọ́dọ̀ máa rán 127, àwọn kan ní 8 ni kó máa rán, ìjà yẹn ò sì parí títí dòní. Debian mú 127. PuTTY ní kí o fúnra rẹ yan ọ̀kan.

Èyí ni àìsàn àkọ́kọ́ àbúrò mi. Tẹ́mínà méjì ló ń lò. Ọ̀kan ń rán 127 tó bá tẹ Backspace, èkejì ń rán 8. Nínú ti èkejì, tó bá tẹ Backspace ní ipò àṣẹ, Vim á rí 8, á wo àdàpè, á rí i pé Ctrl-H ni wọ́n kọ síbẹ̀, á sì jù ú sí fèrèsé òsì. Vim ò ṣẹ̀. Ẹyọ mẹ́jọ ló rí, òun náà sì ka mẹ́jọ.

Bí a ṣe mọ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. A jáde kúrò nínú Vim, ó tẹ Ctrl-V níwájú àṣẹ tẹ́mínà, ó wá tẹ Backspace. Ctrl-V níbẹ̀ túmọ̀ sí pé, "fi ohun tó bá tẹ̀ lé e hàn mí bó ṣe wà." Tẹ́mínà kan kọ ^? sílẹ̀, ìyẹn 127. Èkejì kọ ^H. Ó wo ojú mi, ó ní, "Háà!" A lọ sínú ètò tẹ́mínà kejì, a yí Backspace rẹ̀ sí 127, ó parí. A ò fọwọ́ kan Vim rárá.

Òdìkejì rẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí Neovim, ọmọ tí wọ́n bí lára Vim ní 2014, ṣì kéré, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà Mac ló tẹ Ctrl-H tí kọ́sọ̀ kàn sún sẹ́yìn lẹ́tà kan. Ìwé atọ́nà tí kọ̀ǹpútà ń wò láti mọ ìṣe tẹ́mínà, terminfo lorúkọ rẹ̀, ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé 8 ni Backspace. Neovim gba ìwé gbọ́, ó sì pe Ctrl-H ní Backspace kó tó dé ọ̀dọ̀ àdàpè. Àwọn kan ṣàtúnṣe ìwé atọ́nà náà. Àwọn tí kò ní sùúrù kàn kọ àdàpè fún Backspace pé kó máa lọ sí fèrèsé òsì, wọ́n sì bá iṣẹ́ wọn lọ. Èmi ò fara mọ́ ìṣe kejì yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ bí ojú ṣe ń kán èèyàn nígbà tí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀.

Àìsàn kejì wà nínú Vim fúnra rẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ràn kó ṣí àkójọ fáìlì sí apá òsì, kó máa mú fáìlì láti ibẹ̀. Tó bá wà nínú fáìlì gidi, Ctrl-L ń ṣiṣẹ́. Tó bá wà nínú àkójọ yẹn, Ctrl-L á kọ̀, ojú àkójọ náà á kàn ṣẹ́ bí ẹni ṣẹ́jú. Mo ní kó dúró síbi tó ti ń kọ̀ gan-an, kó má kúrò níbẹ̀, kó wá kọ èyí:

:verbose nmap <C-l>

Tó bá jẹ́ àṣẹ kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni kí ẹ mú. Ó ń sọ ohun tí bọ́tìnnì kan jẹ́ níbi tí o dúró sí, àti ìwé tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn méjì ló jáde. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ti àbúrò mi, láti inú fáìlì rẹ̀. Ti òkè ní àmì @ níwájú, orúkọ NetrwRefresh sì tẹ̀ lé e. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ "Last set from" sí, pẹ̀lú ojú ọ̀nà tó parí sí netrw.vim. Netrw ni ètò tó ń ṣe àkójọ fáìlì fún Vim, inú Vim ló sì ti ń wá. Nínú àkójọ rẹ̀, Ctrl-L túmọ̀ sí "tún àkójọ yìí kà." Àmì @ ń sọ pé àdàpè náà jẹ́ ti ojú ìwé yìí nìkan, àdàpè ojú ìwé kan sì máa ń borí ti gbogbo ilé. Ó dà bí ìgbà tí bàálé ti ṣòfin, tí ẹni tó ni yàrá wá ṣe tiẹ̀ nínú yàrá rẹ̀.

Ohun tí a ṣe ni pé a kọ òfin tiwa fún yàrá náà:

autocmd FileType netrw nnoremap <buffer> <C-l> <C-w>l

Ẹni tó bá ń lo NERDTree dípò netrw á bá irú rẹ̀ pàdé lórí Ctrl-J àti Ctrl-K. Ohun kan náà ni, yàrá míì ni. Àwọn plugin mìíràn, ìyẹn àfikún ètò tí èèyàn ń so mọ́ Vim, sì wà tí kì í dúró sí yàrá tiwọn: wọ́n á gba bọ́tìnnì fún gbogbo ilé. Ẹ fi sọ́kàn pé Vim máa ń ka fáìlì ètò rẹ kó tó ka ti plugin. Ẹni tó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ni Vim sì ń gbọ́ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlà mẹ́ta tí àbúrò mi kọ fún Ctrl-H kò fi lè borí ẹnikẹ́ni: àwọn méjì àkọ́kọ́ ti kú lọ́wọ́ ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta fúnra rẹ̀ sì ti sọ̀rọ̀ tán kí àwọn plugin tó dé.

Nígbà tí a ṣì wà nínú fáìlì yẹn, mo rí nǹkan kékeré kan tí kò tilẹ̀ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ó ti kọ ìlà kan báyìí:

nnoremap <C-k> <C-w>k " lọ sókè

Ó rò pé àlàyé fún ara òun ni ohun tó wà lẹ́yìn àmì ọ̀rọ̀ náà. Nínú ọ̀pọ̀ àṣẹ Vim mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú àdàpè, gbogbo ohun tó bá wà lórí ìlà náà jẹ́ bọ́tìnnì tí Vim máa tẹ̀. Á lọ sí fèrèsé òkè, á wá tẹ àlàfo tó tẹ̀ lé k, àlàfo ní ipò àṣẹ sì túmọ̀ sí "sún sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan." Ìgbà tó bá wá kan àmì ọ̀rọ̀ àti àlàfo kejì, kò ní mọ ohun tó túmọ̀ sí, á dákẹ́. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tó bá lọ sókè, kọ́sọ̀ á ti sún kúrò níbi tó fi í sí. Ó ní òun ti rí i, òun rò pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àlàfo kan ṣoṣo ní ìparí ìlà tó láti fa èyí, ojú ò sì lè rí i.

Mo sọ pé ọ̀kan nínú àìsàn mẹ́rin náà kì í ṣe àìsàn. Òun ló sì gbà wá lákòókò jù. Fèrèsé òsì gùn láti òkè délẹ̀. Lápá ọ̀tún, méjì wà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tó bá wà ní òsì tó tẹ Ctrl-L, nígbà míì á bọ́ sí ti òkè, nígbà míì á bọ́ sí ti ìsàlẹ̀. A yẹ gbogbo ètò wò, kò sí àṣìṣe kankan. Mo ní kó ṣí Vim lófìfo:

vim --clean

Àṣẹ yìí máa ń ṣí Vim láìka fáìlì ètò rẹ àti plugin rẹ sí. A pín ojú kọ̀ǹpútà bó ṣe máa ń pín in, a fi Ctrl-W l gidi dán an wò láìsí àdàpè. Ohun kan náà ló ṣe. Á jẹ́ pé Vim ló mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é.

Òfin rẹ̀ rèé. Tí fèrèsé tó wà lápá ibi tí o ń lọ bá ju ẹyọ kan lọ, Vim á wo ìlà tí kọ́sọ̀ wà lójú kọ̀ǹpútà, á sì mú èyí tó bá dojú kọ ọ́. Ká ní ojú kọ̀ǹpútà ní ìlà 40, tí a pín apá ọ̀tún sí méjì dọ́gba. Kọ́sọ̀ tó wà ní ìlà 5 á bọ́ sí ti òkè. Èyí tó wà ní ìlà 30 á bọ́ sí ti ìsàlẹ̀. Ìlà ojú kọ̀ǹpútà ni mo sọ, kì í ṣe ìlà inú fáìlì, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣini lọ́nà: èèyàn lè wà lórí ọ̀rọ̀ kan náà nínú fáìlì, ṣùgbọ́n tó bá ti yí ojú ìwé sókè díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ìlà 30, ó ti di ìlà 12. Ó dà bí ẹni tó ń rìn tààrà gba ojú ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ sí òdìkejì òpópónà. Ilé tó bá dojú kọ ibi tó ti jáde ló máa wọ̀. Inú ìwé ìrànlọ́wọ́ Vim ló wà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ta ló sì ń kà á? Ẹni tó bá fẹ́ pa dà síbi tó ti wá gan-an, Ctrl-W p ló yẹ kó tẹ̀, torí p ń rántí, kì í wo ìlà.

Mo sọ èyí tán, àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, nínú tmux, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń ṣe." Òótọ́ ló sọ. Tmux máa ń pín tẹ́mínà kan sí yàrá púpọ̀, kí Vim wà nínú ọ̀kan, kí àṣẹ wà nínú òmíràn. Tí o bá ní kí tmux lọ sí ọ̀tún, tó sì bá yàrá méjì níbẹ̀, kò bìkítà ìlà tí kọ́sọ̀ wà. Èyí tí o lò kẹ́yìn nínú méjèèjì ló máa mú. Tí kò bá sí yàrá mọ́ lápá ibi tí o ń lọ, Vim á dúró, ṣùgbọ́n tmux á yí po, á gbé ọ lọ sí òpin òdìkejì. Ẹni tó bá wá fi bọ́tìnnì kan náà darí Vim àti tmux, òfin méjì ló fi bọ́tìnnì kan pè, kó má bínú tí ìdáhùn bá yàtọ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ fi ń so méjèèjì pọ̀ ni plugin tó ń jẹ́ vim-tmux-navigator, òun náà ló sì fa àìsàn tó kẹ́yìn. Nígbà tí o bá tẹ Ctrl-H, tmux ló kọ́kọ́ gbà á. Á wá yọjú wo yàrá tí o wà: ṣé Vim ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Orúkọ ètò ló ń wò. Tó bá rí vim tàbí nvim, á fi bọ́tìnnì náà lé Vim lọ́wọ́. Tí kò bá rí i, á gbé ọ lọ sí yàrá míì fúnra rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àbúrò mi ń lo Vim lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó gba ssh, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn, wọ orí sáfà, ó ṣí Vim níbẹ̀. Ojú tirẹ̀ rí Vim. Ojú tmux orí láptọ́ọ̀pù rí ssh. Tmux wo orúkọ, kò rí Vim, ó gbé Ctrl-H mì, ó sì gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí yàrá tí kò ní nǹkan í ṣe níbẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ pé "láàárọ̀ ó ṣiṣẹ́, ní báyìí ó kọ̀" kò ní àdììtú kankan nínú mọ́. Ẹ̀rọ tí Vim wà lórí rẹ̀ ló yí pa dà.

Àwọn nǹkan kéékèèké míì wà tí mo kàn fẹ́ dárúkọ. Ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nnoremap, ipò àṣẹ nìkan ló mọ̀. Ní ipò ìkọ̀wé, Ctrl-W máa ń pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ ni, nínú ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń ti ojú ewé pa, ọ̀pọ̀ wa ló sì ti sun ẹkún iṣẹ́ tó bá a lọ. Nínú fèrèsé tí Vim fi tẹ́mínà sí, èyí tó wà láti Vim 8.1 ní 2018, tnoremap lo máa kọ. Ẹni tó bá tẹ Ctrl-W tí kò tètè tú Ctrl sílẹ̀ kó tó tẹ s, tẹ́mínà rẹ̀ lè dá gbagidi bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ti kú. Kó tẹ Ctrl-Q, á jí. Àwọn tó ń lo Alt dípò Ctrl ní wàhálà tiwọn: ọ̀pọ̀ tẹ́mínà máa ń rán Alt-H gẹ́gẹ́ bí Esc tí h tẹ̀ lé, tí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì lọ́ra, Vim á rò pé bọ́tìnnì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Nítorí náà, bí èmi ṣe máa ń ṣe é nìyí. Vim lófìfo ni mo máa kọ́kọ́ ṣí, pẹ̀lú Ctrl-W tí kò ní àdàpè. Tí nǹkan náà bá ṣì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, òfin Vim ni, tàbí tẹ́mínà, tàbí tmux. Tí kò bá ṣẹlẹ̀ mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú fáìlì mi ló wà, :verbose nmap á sì sábà dárúkọ ọ̀daràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tí kò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo máa pa ìdajì àwọn plugin, mo máa dán an wò, mo máa tún pín ìdajì tó kù sí méjì. Plugin 64, ìgbà mẹ́fà péré ni a ó pín in kó tó ku ẹyọ kan. Mo ti rí ẹni tó ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ṣùgbọ́n kí n tó ṣe èyíkéyìí, mo máa ń béèrè ìbéèrè kan tí àbúrò mi ò bi ara rẹ̀: "nígbà míì" tí mò ń sọ yìí, kí ló yàtọ̀ nígbà náà? Tẹ́mínà wo? Fáìlì wo ló wà níwájú mi? Kọ́sọ̀ wà lókè àbí nísàlẹ̀? Orí ẹ̀rọ wo ni mo wà? Ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a rí lọ́jọ́ yẹn, inú ìbéèrè mẹ́rin yìí ló wà.

A pa ìlà méjì rẹ́ nínú mẹ́ta tó kọ fún Ctrl-H, a gé àlàfo àti àlàyé kúrò ní ìdí Ctrl-K. Ìlà mẹ́rin ló kù fún fèrèsé nínú fáìlì rẹ̀, àti ọ̀kan fún netrw. Lórí sáfà, Ctrl-W h gidi ló ń tẹ̀, kò sì tíì kọ̀ fún un.